Oògùn Tó Gba Ọmọ Aládùúgbò Lè Má Gba Tiwa



Ohun kan kì í tán lórí káńtà wa ní Sùúrùlérè. Ẹnì kan á na páálí oògùn òfìfo sí wa, á ní, "Ẹ fún mi ní irú eléyìí, ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ aládùúgbò wa." A ó béèrè ọjọ́ orí ọmọ àti bó ṣe wúwo tó, wọ́n á dáhùn. Ṣùgbọ́n tí a bá béèrè èsì G6PD ọmọ náà, wọn a kàn máa wò wá. Gbogbo wa la mọ jẹnotáìpù. Àwọn lémọ́ọ̀mù wa ń béèrè AA àti AS kí wọ́n tó so yìgì. G6PD ni a kò tíì máa béèrè.

Ẹ́ńsáìmù ni G6PD. Ọlọ́run Ọba fi sínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kó lè máa dáàbò bò ó. Ti àwọn kan kò tó. Irú wọn lè gbé ayé wọn láìmọ̀, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá lo oògùn tí kò gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìtọ̀ á dúdú bíi kóòkì, ojú á pọ́n, ara ò ní lè gbé nǹkan mọ́. Primaquine àti dapsone wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nitrofurantoin tí wọ́n ń lò fún àrùn ilé ìtọ̀ náà wà níbẹ̀. Láti 1960s, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni a ti mọ̀ pé ó tó ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín àwa Yorùbá. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Obìnrin náà lè ní i, àmọ́ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tuntun ló ń já wa láyà jù. Tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá ń sún mọ́lé, aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ la máa ń yọ jáde láti inú àpótí, pẹ̀lú káńfọ̀ láàárín rẹ̀, àwọn ẹyin funfun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ aṣọ. Naphthalene tó wà nínú káńfọ̀ yìí lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Làálì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí a bá fi pa ọmọ lára. Kí ìyá lé tirẹ̀, kó má fi kan ọmọ. Tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá le lára ọmọ tuntun, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó lè sọ ọmọ di adití. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹnì kan lè ní, kí ló wá kan àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká nínú èyí? Ẹ gbọ́ ìtàn Lapdap. Ní 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí oògùn ibà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Áfíríkà ni wọ́n ṣe é fún. Dapsone wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ artesunate, àwọn olùwádìí ní Burkina Faso, Ghana, Nàìjíríà àti ibòmíràn sì dán an wò lábẹ́ ìlànà kan náà. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó ń lọ sílẹ̀ gidigidi, débi pé àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2008, iléeṣẹ́ GSK kó Lapdap kúrò lọ́jà. Ibà fúnra rẹ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ sílẹ̀. Dókítà kan ṣoṣo ní ìlú kan ṣoṣo ì bá di ẹ̀bi ru ibà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Èsì tí wọ́n kó jọ láti ìlú púpọ̀ ló tú àṣírí náà.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì ti wúlò fún gbogbo ayé. Àádọ́rùn-ún ènìyàn láti ọgbọ̀n ìdílé ní Ìbàdàn ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ ńlá orí àbùdá ènìyàn tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Lójú tiwa, èrè tó padà wálé kò tíì tó. Láti 2012 dé 2022, H3Africa so àwọn olùwádìí ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀. Ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ wà ní Àbújá, ní Uganda àti ní South Africa, kọ̀ǹpútà sì so àwọn tó ń ka èsì pọ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ni owó rẹ̀ ti wá, ó sì ti tán. Àwọn ìjọba tiwa ló kù tí à ń wò lójú.

Lẹ́yìn Ẹ̀bólà 2014 náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Jámánì jọ ṣe SORMAS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọpa àrùn. Ghana pẹ̀lú ti lò ó. Bí ìròyìn àrùn bá lè rìn báyìí, ó yẹ kí èsì G6PD ọmọ lè rìn láti ilé ìwòsàn kan ní Agúdà dé LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kó tó rí bẹ́ẹ̀, fóònù yín ni fáìlì yín. Ẹ ya fọ́tò èsì náà, kí orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ hàn lára rẹ̀, kí bàbá ní tirẹ̀, kí ìyá àgbà náà ní i. Ẹ má ṣe jù ú sórí WhatsApp mọ́ṣáláṣí o. Àmánà ni ọ̀rọ̀ ara ọmọ, òfin 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ní Nàìjíríà sì kà á sí ohun ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí àyẹ̀wò náà. Tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ ìtọ̀ dúdú tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, èsì lè jáde bíi pé kò sí nǹkan kan, torí pé ẹ̀jẹ̀ tuntun ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta.