Mo Kí Ọ̀ta, Mo Kí Ọ̀pẹ

Tí ẹ bá kó àwọn ọmọ yín wálé sí Ìfọ̀ láti ìlú òyìnbó, wọ́n á bi yín ìdí tí bàbá àgbà fi pa tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà fún un tì, tó lọ jókòó ti igi tí a gbẹ́ ihò 12 sí. Ẹ má fi "ayé àtijọ́ ni" dá wọn lóhùn.

Ẹ kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kí àwọn tó ń ta ayò: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!" Ọ̀ta, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ni yóò dáhùn. Ọ̀pẹ, ẹni tí wọ́n ń pa láyò, kò gbọdọ̀ fọhùn. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún lè di ọ̀pẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọdé tó pa á láyò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò pe ọmọ náà ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Láàárín àwa tí a ń fi ọjọ́ orí wọn ohun gbogbo, ìsinmi ńlá nìyẹn fún àgbà àti fún ọmọdé. Ọmọ ayò kò ju 48 lọ, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òǹwòran kì í níye. Àwọn ló ń pariwo tí odù, ìyẹn ọmọ ayò tó kóra jọ, bá ti ń wú nínú ihò kan, tí ọ̀ta ń fìka kà á láìgbójú sókè.

Dádì wọn ńkọ́? Tirẹ̀ ni géèmù Super Mario Bros., tó jáde ní 1985. Ẹni tó ṣe ọmọdé nígbà náà mọ bí a ṣe ń yọ kásẹ́ẹ̀tì géèmù, tí a ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí a tún ń tì í bọ ẹ̀rọ kí NEPA tó múná lọ. Páàdì méjì, ọmọ mẹ́jọ tó ń retí: ẹni tó bá kú, kó gbé e sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí géèmù tuntun, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dán tó, kì í fi í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wá.

Ọmọ yín tó fi ẹ̀rọ bo etí, tó ń bá ọ̀rẹ́ tí kò rí jà lórí géèmù, ní òǹwòran tirẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti bàbá àgbà nídìí ayò kílẹ̀ tó ṣú, torí a kì í ta ayò lóru. Àwọn àgbà ní àwọn ará ọ̀run ló ni àkókò yẹn. Lálẹ́, kí bàbá náà di páàdì mú. Tọ́mọ bá nà án, kó kígbe pé, "Mo kí ọ̀pẹ!"

Bàbá kò ní fọhùn.