Kíkan Èdà Kékeré Ọkọ̀ Onígbòkun: Àpẹẹrẹ Victory

Ọkọ̀ ogun Victory, tí ó bọ́ sómi ní Chatham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1765, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Egungun ọkọ̀ àti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó bá nínú páálí rẹ̀. A ó rẹ pátákó sómi kí ó lè tẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: bí a bá lẹ ìhà kan tán kí a tó kan èkejì, igi ìdí ọkọ̀ yóò wọ́, kò sì ní ṣe é tún ṣe mọ́. Ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì ni.

Okùn inú páálí sábà máa ń nípọn jù. Lójú tèmi, ó jọ okùn ewúrẹ́. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀: dúdú fún èyí tí ó di òpó mú, nítorí ọ̀dà ni wọ́n fi ń kun ti gidi, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú fún èyí tí ń fa ìgbòkun.