Èélá ara ọmọ: Ẹ má tètè dá ẹyin àti ẹja lẹ́bi

Bí ìyàwó ilé bá bímọ sí Agége tàbí Ògbà, tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbéra láti abúlé wá wẹ ọmọ, kì í ṣòro láti mọ ohun tó wà nínú báàgì màmá: ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn, òrí àti ìgò àdí kan. Ara ọmọ á máa dán fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ara ọmọ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á le, orí á máa pa èépá, apá àti ẹsẹ̀ á sú. Kò ní sùn lóru, á máa họra títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Màmá á ní, "Ìyàwó, kí lo fún ọmọ yìí jẹ?" Ìyàwó á dáhùn pé, "Ẹyin díẹ̀ ni, mà." Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹyin di èèwọ̀ nínú ilé. Bí ara ọmọ kò bá san, wọ́n á yọ ẹja. Bí kò bá tún san, mílíìkì, ẹ̀wà àti búrẹ́dì á tẹ̀ lé e. Kò ní pẹ́ tó fi máa ku ògì funfun nìkan tí ọmọ ń mu, ara sì ń yún un bó ṣe ń yún un tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀bi màmá kọ́, ẹ̀bi ìyàwó náà kọ́. Àìsàn náà ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ́kísímà ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Àwọn àgbà ń pè é ní èélá, àwọn mìíràn ń pè é ní ìfo, ṣùgbọ́n orúkọ méjèèjì yìí náà ni a fi ń pe oríṣiríṣi àìsàn ara tí kì í ṣe ẹ́kísímà rárá. Lápálápá máa ń rí roboto, ó sì ń ràn. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ ara ló ń fa kúrúnà. Ó fẹ́ràn àárín ìka ọwọ́, kì í sì í pẹ́ tí gbogbo ilé á fi máa họra. Ẹ́kísímà kì í ràn. Ọmọ tó ní in lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn lórí ẹní kan náà kí ohunkóhun má ṣe ẹ̀gbọ́n.

Ẹni tó bá rò pé àìsàn àwọn ọmọ òyìnbó ni, kó tún èrò pa. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn oníṣègùn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé pa ọwọ́ pọ̀ láti bi àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìbéèrè kan náà nípa ikọ́ fée, imú dídí àti ara yíyún. Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, Dókítà Adégòkè Falade sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí àbájáde tí ẹ́kísímà jáde ní 1999, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá, kò tó ẹyọ kan tó ní àmì rẹ̀ ní Albania. Ní Nàìjíríà, ó lé ní 17. Tiwa ló pọ̀ jù nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà fún ọjọ́ orí yẹn.

Kí ló wá ń fà á? Ẹ fi awọ ara wé ògiri alámọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ dáadáa, òjò kò ní wọlé, ooru inú ilé kò sì ní sá jáde. Awọ ọmọ tó ní ẹ́kísímà dà bí ògiri tí wọn kò rẹ́ tán. Omi inú ara ń gba ibẹ̀ jáde, èyí ló ń mú kí ara gbẹ. Eruku, ọṣẹ àti kòkòrò àìrí ń gba ibẹ̀ wọlé, èyí ló ń mú kó máa yún. Àbímọ́ ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ilé tí bàbá ti ní ikọ́ fée, tí àǹtí ti máa ń sín láràárọ̀, ibẹ̀ ló ti wọ́pọ̀.

Ọmọ tó ní irú awọ bẹ́ẹ̀ kò rí ìsinmi ní agbègbè tó kún fún iṣẹ́ bí Ìkẹjà àti Agége. Láti bíi ọdún 1950 síwájú ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, láti ìgbà náà sì ni èrò ti ń wọ́ wá sí Ọba Akran, Agídíngbí, Ògbà àti Oko-Ọba. Iyàrá kan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé. Òógùn ń mú ọmọ lọ́sàn-án, eruku títì ń wọlé láti ojú fèrèsé, bàbá sì ń ti ibi iṣẹ́ dé, á kàn fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ mọ́ra. Ìyá ń fi ọṣẹ ìfọṣọ tó le fọ aṣọ ọmọ, omi tó sì gbówó lórí kì í jẹ́ kó ṣan án dáadáa. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ ló bí ẹ́kísímà, ṣùgbọ́n ohun tó ń tọ́jà rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tún ni pé àwọn ìwé òyìnbó sọ pé ojú ibẹ̀ máa ń pọ́n. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà kì í hàn. Ojú ibẹ̀ lè rí bí eérú, ó lè dúdú ju ibi yòókù lọ, tàbí kó sú wínníwínní bí ara adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá san, àpá dúdú tàbí funfun á wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àpá lásán nìyẹn, àìsàn ti lọ. Ṣùgbọ́n àpá yìí gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ ìyá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń po ìpara ní ọjà.

Oúnjẹ ńkọ́?

Òótọ́ ni pé ara àwọn ọmọ kan kọ oúnjẹ kan, tí àwọn ènìyàn ń pè ní aléjì. Òótọ́ sì ni pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ẹ́kísímà. Ní 1998, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà yẹ ọmọ 63 wò, tí ẹ́kísímà wọn ti le dé ilé ìwòsàn; àwọn tí ara wọn kọ oúnjẹ kan lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyẹn ni pé nínú àwọn tí tiwọn le pàápàá, púpọ̀ kò ní in. Èyí tí tirẹ̀ kò le, tó jẹ́ gbígbẹ àti yíyún díẹ̀, oúnjẹ kì í sábà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Oúnjẹ tí ara kọ̀ ní tòótọ́ kì í sábà fi ara pamọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì tí ọmọ jẹ ẹ́ ló sábà máa ń hàn. Ara á wú káàkiri bí ẹni tí wèrèpè bà, ètè tàbí ojú á wú, ọmọ lè bì, kó yàgbẹ́, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá sì tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe. Ara tó ń yún láti oṣù tó kọjá, tó ń lọ tó ń bọ̀, kò jọ èyí.

Àwọn oúnjẹ tó sábà ń fa èyí kò pọ̀: ẹyin, mílíìkì màlúù, ẹ̀pà, kaṣú àti irú rẹ̀, ẹja, edé, sóyà àti àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn òbí lójú ni pé oúnjẹ wa jẹ́ àpòpọ̀. Ọmọ tó jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ti jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti edé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èwo ni ká mú? Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ní kí ìyá kọ ohun tí ọmọ jẹ, aago tó jẹ ẹ́ àti aago tí ara rẹ̀ yí padà sínú ìwé kékeré kan, kó mú un wá.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ ọmọ Sweden ti fi hàn, láti ara àwọn ọmọ kéékèèké ní Ethiopia, pé èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ aléjì máa ń ga púpọ̀ lára ọmọ tí aràn wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ ẹyin láìsí wàhálà lè gbé ìwé àyẹ̀wò bọ̀ tó sọ pé ara rẹ̀ kọ ẹyin. Kí òbí má ti orí ìwé bẹ́ẹ̀ yọ oúnjẹ mẹ́wàá lẹ́nu ọmọ láìjẹ́ pé dókítà bá a wò ó.

Bí ahọ́n bá wú, tí ohùn ọmọ há, tí mímí di iṣẹ́, tàbí tó rọ wọ̀ọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù lọ ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Abẹ́rẹ́ adirẹnalínì tí wọ́n ń gún sí itan ló ń gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Bí mímí bá ń ni ín lára, kí wọ́n gbé e jókòó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má mú un dìde dúró. Kí ẹnikẹ́ni má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kò lè wo èyí, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Ewu wà nínú yíyọ oúnjẹ láìnídìí. Ní 1933, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí oúnjẹ àgbàdo nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ wọn sì ń bó. Kwashiorkor ni àwọn ará Gáà ń pè é, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ tí wọ́n gba ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dé ibẹ̀. Nígbà tí awọ rẹ̀ bá wá ń bó, wọ́n á ní èélá ló le sí i, wọ́n á sì tún wá oúnjẹ mìíràn yọ.

Láyé àtijọ́, wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Bóyá ẹyin tí wọ́n fẹ́ kí adìẹ pa ni wọ́n ń dáàbò bò. Ìwádìí òde òní ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College, London, gbé àbájáde kan jáde lórí ọmọ 640 tí ẹ́kísímà wọn le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò láti oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, wọ́n wá ń fún apá kan ní oúnjẹ ẹ̀pà, wọ́n sì fi du apá kejì títí di ọdún márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi dù, ara bíi 17 kọ ẹ̀pà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi mẹ́ta péré ni. Ní 2003, Lack kan náà ti rí i pé ìpara tó ní òróró ẹ̀pà, tí wọ́n fi pa ara ọmọ, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ara wọn padà kọ ẹ̀pà. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, ara ọmọ á mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ. Èyí tó bá gba ojú awọ tó ti dá wọlé, ara á mú un bí ẹni mú olè.

Nítorí náà, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ọmọ ti mu ọmú nìkan, kò sí ìdí láti máa fi ẹyin àti ẹ̀pà pamọ́ fún un. Ẹyin tó jinná dáadáa ni kí wọ́n rún díẹ̀ sínú ògì, ní àárọ̀, nígbà tí ara ọmọ yá, kí wọ́n sì máa wò ó. Ẹ̀pà gbọ́dọ̀ jẹ́ lílọ̀ kúnná. Ẹ̀pà oníhóró lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Ọmọ tí ẹ́kísímà rẹ̀ le gan-an, tàbí tí oúnjẹ kan ti wú lójú rí, kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Awọ ni kí á tọ́jú

Láàárín oúnjẹ àti awọ, awọ ni iṣẹ́ wà. Kí wọ́n fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ dúdú le jù fún awọ tó ti dá, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kán sínú omi ìwẹ̀ náà ń ta á, kànrìnkàn sì ń họ ọ́ ni. Aṣọ ìnura ni kí wọ́n fi rọra tẹ omi kúrò lára, kí wọ́n sì fi ìpara pa á kí ara tó gbẹ tán. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, kódà lọ́jọ́ tí ara bá dán. Òrí tó mọ́ tí wọn kò fi òórùn sí dára, fasilíìnì náà dára. Òróró ólífì tó gbajúmọ̀ l'Ékòó ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 láti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó ń jẹ́ kí ògiri awọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ojú ibẹ̀ bá gbóná, dókítà lè fún wọn ní ìpara sítẹ́rọ́ìdì. Kò yẹ kí òbí bẹ̀rù rẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tí dókítà kọ. Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìka ìfábẹ̀lá àgbàlagbà, láti ṣóńṣó ìka dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìyẹn tó láti pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì tòun tìka. Èyí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ni ìpara tí kẹ́míìsì ń tà láìsí ìwé dókítà, tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára pọ̀ mọ́ oògùn lápálápá àti oògùn apakòkòrò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara á dán, ìyá á yọ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, á padà wá. Bí wọ́n bá ń fi pa ara lọ fún oṣù púpọ̀, awọ á fẹ́lẹ́, á funfun, á sì la bí ikùn aláboyún. Bó bá ń kan ìtòsí ojú, ó lè ba ojú jẹ́.

Ilé ìwòsàn LASUTH tó wà ní Ìkẹjà, tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìwòsàn kékeré ní 1955, tó sì di ti ìkọ́ni ní 2001, ń tọ́jú ọmọdé, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Òrílé Agége fún àwọn tó sún mọ́ ibẹ̀. Kí ìyá mú gbogbo ìpara tó ti lò dání, títí kan èyí tí kò ní orúkọ lára.

Ẹ́kísímà ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹyin tàbí mílíìkì lónìí sábà máa ń gbà á padà kó tó dàgbà, àmọ́ ti ẹ̀pà àti ẹja kì í fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà á fi máa pè é padà, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lójú ara wọn, kó má lọ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣì ń sá fún ẹyin tí ara rẹ̀ ti gbà láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.