Kíka Omi, Dídá Ẹ̀mí Sí: Ipa Ìlú Kàdúná Nínú Àfojúsùn Omi Mímọ́ Ọdún 2030

Bí ènìyàn bá béèrè pé àwọn mélòó ló ń rí omi mu ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ó gba ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo wọn sì jẹ́ òtítọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lágbàáyé, UNICEF, kéde pé ìdá 70 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ní omi ní ìpele ìpìlẹ̀. Àjọ náà tún sọ pé ìdọ̀tí ti wọ ohun tó lé ní ìdajì àwọn orísun omi wọ̀nyí. Ó sì fi kún un pé ìdá 86 nínú 100 àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ni kò ní omi mímu tí ààbò tó péye wà lórí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán. Inú rẹ̀ ni àrùn onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru fi ṣe ibùgbé. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé, WHO, sọ pé ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó lé ní 440,000 lọ́dọọdún. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn, NCDC, ṣe àkọsílẹ̀ ènìyàn 111,062 tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní àrùn onígbáméjì ní ọdún 2021 nìkan. Ènìyàn 3,604 nínú wọn ló kú.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ìjọba tí kò bá mọ ibi tí omi rẹ̀ ti ń bàjẹ́, kò lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ìlú Kàdúná sì wà lára àwọn ibi tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ yìí, fún Nàìjíríà àti fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

Àfojúsùn kan, òṣùwọ̀n mọ́kànlá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn ìdàgbàsókè 17, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SDG. Ìkẹfà nínú wọn ló dá lórí omi àti ìmọ́tótó. Ó ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà, ní omi mímu tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bójú mu kí ọdún 2030 tó parí.

Ṣùgbọ́n àfojúsùn kẹfà kò dúró lórí omi mímu nìkan. Òṣùwọ̀n 11 ni wọ́n fi ń wò ó. Lára wọn ni bí a ṣe ń tọ́jú omi ẹ̀gbin, bí omi odò àti adágún ṣe mọ́ tó, iye omi tí à ń fà lò bí a bá fi wé èyí tí òjò ń dá padà, bí àwọn ẹ̀ka ìjọba ṣe ń ṣètò omi pọ̀, bí àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ni odò kan ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àti bí aráàlú ṣe ń kópa nínú ìpinnu. WHO àti UNICEF ló ń bójú tó òṣùwọ̀n omi mímu, FAO ń wo bí a ṣe ń lo omi, UNEP ń wo bí odò ṣe mọ́ tó, nígbà tí UNESCO àti àjọ UNECE jọ ń wo ọ̀rọ̀ odò tó la orílẹ̀-èdè kọjá.

Nígbà tí àjọ bá pọ̀ báyìí, ìwé ìbéèrè náà á pọ̀. UN-Water, tó ń pa àwọn àjọ wọ̀nyí pọ̀, dá ètò kan sílẹ̀ láti ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ kí wọ́n lè kó àkọsílẹ̀ omi wọn jọ sójú kan. Ètò náà ń bá ìjọba yan òṣìṣẹ́ tí yóò dúró fún òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwọ̀n náà, ó sì ń rọ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba láti jókòó sórí tábìlì kan náà.

Àkàbà omi mímu

Kí a tó lè ka omi, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ohun tí à ń kà. WHO àti UNICEF ya àkàbà kan tó ní ìpele márùn-ún. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tó ń pọn omi mu ní tààràtà láti inú odò tàbí adágún. Lókè rẹ̀ ni ẹni tó ń mu omi kànga tí kò ní ìdérí tàbí ìsun tí kò ní ààbò. Ìpele kẹta ni omi tó ti orísun gidi wá, àmọ́ tí lílọ àti bíbọ̀ pẹ̀lú ìdúró lórí ìlà ń gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bí kò bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ìpele ìpìlẹ̀ nìyẹn.

Ìpele tó ga jù lọ ni àfojúsùn náà ń béèrè fún. Omi náà gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà ilé, ó gbọ́dọ̀ wà nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, ìgbẹ́ àti kẹ́míkà olóró kò sì gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí èyí tó kẹ́yìn yìí. Omi lè mọ́ gaara bí omi òjò kí kòkòrò E. coli, tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran, sì kún inú rẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn: kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú mìlílítà 100 omi mímu.

Èyí ló fà á tí ìdílé tó ní kànga ẹlẹ́rọ nínú ọgbà fi lè dà bí ẹni tó ti gun orí àkàbà tán lójú ẹni tó ń kà á, nígbà tó jẹ́ pé ìpele ìpìlẹ̀ ni ó ṣì wà bí a bá yẹ omi rẹ̀ wò.

Odò kan, iṣẹ́ púpọ̀

Odò Kàdúná ṣàlàyé ìdí tí a kò fi lè ya òṣùwọ̀n kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Láti apá òkè Jos ni odò náà ti ń ṣàn wá, ó la àárín ìlú Kàdúná kọjá, ó gba ìdídò Shiroro tí ń pèsè iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ Niger, kí ó tó wọ inú Odò Ọya. Láti inú odò yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ omi bíi ti Malali àti Barnawa ti ń fa omi tí wọ́n ń tọ́jú fún aráàlú.

Odò kan náà ló ń gba omi ìdọ̀tí ìlú. Gọ́tà ọjà àti ti àdúgbò ń ṣàn sínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1957 da omi aró sínú rẹ̀ ní àkókò tiwọn, omi ilé iṣẹ́ ìfọpo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1980 sì máa ń gba inú odò Romi dé ibẹ̀. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ ń fi omi rẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́ àti tòmátì. Bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2012, odò a kún wọ ilé, omi ṣáláńgá àti omi kànga a sì dà pọ̀.

Bí ilé iṣẹ́ omi bá ka omi tó fi ránṣẹ́ nìkan, tí ilé iṣẹ́ àyíká ka ìdọ̀tí nìkan, tí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ka oko nìkan, tí ilé iṣẹ́ ìlera sì ka aláìsàn nìkan, kò sí ẹni tí yóò rí odò náà lódindi. Àwọn dókítà a máa ka àwọn tó ń ṣàìsàn ní ìsàlẹ̀ odò, láìmọ̀ pé ohun tó fa àìsàn náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn ní òkè odò.

Ilé ẹ̀kọ́ omi tó wà ní Mando

Ìlú Kàdúná ni olú ilé iṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí omi, NWRI, wà, ní agbègbè Mando. Láti ọdún 1979 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni ó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ kànga, àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò omi, àti àwọn tí ń wọn bí odò ṣe ga tó. Inú ọgbà àjọ yìí náà ni ibùdó kan wà tí UNESCO ń ṣe alátìlẹ́yìn fún, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣàkóso agbègbè odò lódindi, láti orísun dé ẹnu.

Ìpìlẹ̀ èrò ibùdó náà ni pé odò kò mọ ààlà. Omi tó kúrò ní Kàdúná ti bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni Odò Ọya tó gbà á ń ṣàn wá láti Guinea. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú àjọ agbègbè Odò Ọya, Nàìjíríà, Benin, Niger àti Mali sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Nàìjíríà tún wọ inú àdéhùn àgbáyé lórí omi tó la orílẹ̀-èdè kọjá, èyí tó sọ pàṣípààrọ̀ àkọsílẹ̀ di ojúṣe. Orílẹ̀-èdè kò sì lè fi ohun tí kò wọ̀n ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí àkọsílẹ̀ ti kọ́ni

Láti ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú UNICEF àti àjọ tí ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, ti ń ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní WASHNORM. Ìwádìí ti ọdún náà fi hàn pé ìdá 24 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, èyí tó tó mílíọ̀nù 47 ènìyàn, ló ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba. Ní ọdún 2021, ó di ìdá 23, ṣùgbọ́n iye ènìyàn náà ti di mílíọ̀nù 48. Ẹni tó bá wo ìdá nìkan yóò yọ̀ pé nǹkan ń dára sí i. Ẹni tó bá ka orí yóò rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí à ń kọ́ kò yára tó ọmọ tí à ń bí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari nígbà náà fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí àṣà náà kásẹ̀ nílẹ̀ kí ọdún 2025 tó parí. Ìpínlẹ̀ Jigawa ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọdún 2025 dé, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè lápapọ̀ kò tíì lé e bá.

Àṣeyọrí kan wà tó fi hàn pé wíwo omi ẹ̀gbin lè dá ẹ̀mí sí. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi gọ́tà ní Kánò láti fi wá kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀, kí ó tó ba ọmọ kankan jà. Wọ́n mú ètò náà dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò náà tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà.

Owó ń tẹ̀ lé ìwọ̀n

Kíkà tó tọ́ ti di ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 700 dọ́là fún ètò omi àti ìmọ́tótó tí wọ́n ń pè ní SURWASH. Ìpínlẹ̀ méje ló wà nínú rẹ̀: Delta, Èkìtì, Gombe, Imo, Kàdúná, Katsina àti Plateau. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni owó ń tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ omi tí a kọ sínú ìwé ṣùgbọ́n tí kò ṣàn, kò mú owó wá. Nípa bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò pẹ̀lú ìwé àti ìgò àyẹ̀wò ti di ẹni pàtàkì bí ẹni tí ń ri páìpù mọ́lẹ̀.

Ìròyìn WHO àti UNICEF ti ọdún 2025 sọ pé ènìyàn bílíọ̀nù 2.1 ni kò ní omi mímu tí ààbò tó péye wà lórí rẹ̀ lágbàáyé. Bí ọdún 2030 ṣe ń kanlẹ̀kùn, iye náà fi hàn pé ìrìn náà ṣì jìnnà.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Kí ìjọba tó parí iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun wà lọ́wọ́ àwọn aráàlú. Àwọn elétò ìlera gbà wá níyànjú pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30 ó kéré tán, kí ó sì ní ìdérí. Omi tí a rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ó ti pọn ọ́n, yẹ kí a sè é títí yóò fi hó dáadáa kí a tó mu ún. Kẹ́ẹ̀gì àti àmù nílò fífọ̀ lóòrèkóòrè, nítorí omi tó mọ́ ní orísun lè bàjẹ́ nínú ilé. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ kì í ṣe ohun àfojúfò. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá sì ń ṣe gbọ́dọ̀ tètè mu ORS, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bákan náà, nígbà tí àwọn tí ń ṣe ìwádìí bá kan ilẹ̀kùn, ìdáhùn tó jẹ́ òtítọ́ ṣe pàtàkì. Ìdílé tó bá ní ìtìjú láti sọ pé òun kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí tó sọ pé ẹ̀rọ omi ń ṣàn nígbà tí ó ti dákẹ́ láti ìgbà pípẹ́, ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀ wá bá. Bí a kò bá fi ibi tó ń dunni han oníṣègùn, kò sí bí yóò ṣe mọ oògùn tí yóò fún wa.