Ta Ni Bàbá Ọmọ Ogun? Ọ̀rọ̀ Ẹbí Láàárín Àwọn Jagunjagun Ìbàdàn

Bí akọ̀ròyìn kan bá ń kọ ìròyìn nípa sójà lónìí, tí kò sì fẹ́ lo ọ̀rọ̀ àyálò, "ọmọ ogun" ni yóò kọ. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè mọ́ pé kí ni "ọmọ" ń wá níwájú "ogun". Bí ọmọ bá wà, bàbá gbọ́dọ̀ wà. Ta wá ni bàbá ọmọ ogun?

Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn, láàárín Ọjà'bà, Màpó, Bẹẹrẹ, Bẹyẹrúnkà àti àdúgbò tó yí wọn ká. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ Òkè Màpó. Ibùdó ogun ni ibẹ̀ kó tó di ìlú. Kò sí ọba níbẹ̀, àwọn tó sì wá di olórí ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Ará Ògbàágbàá ni Balógun Ìbíkúnlé. Láti Fèsú ni Ògúnmọ́lá ti wá, Látòósà sì wá láti Ìlọrà. Ogun ti tú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń rọ́ wọ Ìbàdàn nígbà náà. Ẹni tí kò nílé kò sì gbọdọ̀ dá wà, àfi kó wá agbo ilé kan wọ̀.

Agbo ilé ológun ni wọ́n ń wọ̀. Bí ènìyàn bá ti wọlé, ológun tó ni ilé náà di bàbá ogun rẹ̀, òun náà sì di ọmọ ogun. Bàbá ogun ni yóò fún un níbi tí yóò sùn, ilẹ̀ tí yóò dá oko sí, ìbọn àti ẹ̀tù. Bó bá kó sí gbèsè tàbí ẹjọ́, bàbá ogun ni yóò dúró fún un. Ọmọ ogun náà yóò tẹ̀ lé e lọ sójú ogun, yóò sì fún un lára ohun tó bá kó bọ̀. Iye ọmọ ogun tí olóyè ní ni agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olóyè fi ń díje láti lawọ́. Ọmọ ogun tó jẹ́ ọmọ bíbí lè ṣí lọ sí ilé olóyè mìíràn bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ bá há jù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe gba inú gbogbo ètò náà. A lè tú "Balógun" sí "bàbá" àti "ológun", gẹ́gẹ́ bí a ti ń tú "Baálé" sí "bàbá" àti "ilé". Ìlú tó bá wà lábẹ́ Ìbàdàn ní "bàbá kékeré" láàárín àwọn olóyè Ìbàdàn, ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn tó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ wọn. Àjẹ́lẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ó ń ṣọ́ ìlú fún Ìbàdàn.

Irú ẹgbẹ́ ogun báyìí wà níbòmíràn. Nílẹ̀ Túrkì, wọ́n máa ń kó ọmọ àwọn Kristẹni kúrò nílé, wọ́n á tọ́ wọn dàgbà nínú bárékè, wọ́n á sì di àwọn jagunjagun tí a mọ̀ sí Janissary. Ilé ìdáná ni àwọn yẹn ti mú orúkọ oyè wọn: "ẹni tó ń se ọbẹ̀" ni ìtumọ̀ oyè ọ̀gágun wọn kan, bí wọ́n bá sì dojú ìkòkò dé, ọ̀tẹ̀ dé nìyẹn. Ọdún 1826 ni ọba wọn tú wọn ká, ọdún díẹ̀ kí Ìbàdàn tó di ibùdó. Oúnjẹ tí wọ́n jọ ń jẹ ni wọ́n fi ń ṣe ara wọn ní ọ̀kan. Àwọn ará Ìbàdàn ní tiwọn fi ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ṣe é.

Ẹni tó bá rò pé ogun ni wọ́n ń jà látàárọ̀ dalẹ́, oko ló máa yà á lẹ́nu. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun sábà máa ń lọ, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ tí odò sì fà. Bí òjò bá dé, ọkọ́ ni ọmọ ogun ń gbé. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé fúnra rẹ̀, tó kú ní 1847, gbajúmọ̀ fún oko bó ti gbajúmọ̀ fún ogun. Oyè rẹ̀, Ìbà, ló sì wà nínú orúkọ Ọjà'bà: Ọjà Ìbà ni, fáwẹ̀lì kan ló jẹ.

Àwọn orúkọ oyè náà ń sọ bí wọ́n ṣe ń dúró lójú ogun. Ọ̀tún wà lọ́wọ́ ọ̀tún Balógun, Òsì wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ ka àwọn tó tẹ̀ lé Balógun: Ọ̀tún, Òsì, Aṣípa, lẹ́yìn náà Ẹ̀kẹrin àti Ẹ̀karùn-ún. Bí ẹni iwájú bá kú, ẹni ẹ̀yìn lè sún sókè. Akínkanjú tí kò ní bàbá kankan nílùú lè bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kó sì dé òkè. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní olórí tiwọn, Sẹ̀ríkí. Láti inú ọ̀rọ̀ Hausa fún ọba ni a ti yá oyè yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo. Wọ́n lé ogun àríwá padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àríwá jókòó sínú oyè wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ọ̀rọ̀ dídùn ni "ọmọ", ó sì ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé bàbá ogun kan náà jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun. Wọ́n lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ogun jíjà, kí wọ́n fún un ní ìbọn àti ẹṣin, kó tilẹ̀ máa darí ọmọ bíbí. Bàbá rẹ̀ fọkàn tán an nítorí pé kò ní ẹbí mìíràn tí yóò sá tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹrú bá ní, inú rere olówó rẹ̀ ló gbé e ró, ó sì lè fi í sílẹ̀ nígbàkígbà. Gbèsè sì ń lé àwọn bàbá náà padà sójú ogun, nítorí àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gba ohun ìjà. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n pa ní 1874, wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn. Wọ́n ń kó ẹrú kí wọ́n lè ra ẹ̀tù, wọ́n sì ń ra ẹ̀tù kí wọ́n lè kó ẹrú.

Ògèdèǹgbé ará Iléṣà gbé ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ogun. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, òun ló wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, tó dojú kọ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ohun tí Ìbàdàn fi kọ́ ọ ló fi bá Ìbàdàn jà. Ìró ìbọn ńlá ló bí orúkọ ogun náà: kírìjì, kírìjì. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ibùdó kò sì tú títí di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kó tó parí.

Lọ́dún yẹn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi aṣojú wọn sí Ìbàdàn, ogun jíjà sì dópin. Ṣùgbọ́n ilé àwọn ológun kò tú. Òkè Ààrẹ ṣì ń jẹ́ orúkọ oyè Látòósà, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ní mọ́gàjí, orúkọ tí àwa náà yá lọ́wọ́ Hausa. Láti ipò mọ́gàjí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀ oyè títí dé Olúbàdàn, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì tó sì lọ síbẹ̀ ṣì ń jẹ́ ti Balógun.

Nítorí náà, bí oyè tàbí ilẹ̀ bá dá ìjà sílẹ̀ nínú agbo ilé, tí ẹnì kan sì fẹ́ máa wádìí ẹni tó jẹ́ ọmọ onílé gan-an, ẹ rántí ìtàn yìí. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí. Àwọn tí wọ́n kó wá wà níbẹ̀, àwọn tó sá wá wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń pe ẹnì kan náà ní bàbá. Yorùbá ní bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Bí ó bá ti jẹ́ pé àwọn baba ńlá wa gbà wọ́n ní ọmọ lọ́jọ́ ogun, kò yẹ kí àwa sọ ọmọ ọmọ wọn di àlejò lọ́jọ́ ìpín.