Ọmọ Tó Gboyè Padà sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Rẹ̀

Kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún, nígbà tí ilẹ̀kùn yunifásítì kò tíì ṣí. Ní àkókò yìí, ọmọ tí ó ti kàwé dé Parakou tàbí Abomey-Calavi ṣì lè wà nílé, kí ó máa ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú oko iṣu. Nígbà náà ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ti jáde lè ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá bá àwọn àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí kò bẹ̀rù ìdánwò BAC lè bẹ̀rù irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi Kika ṣe àpẹẹrẹ. Kika jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè méje tí kọ́múùnù Tchaourou pín sí, ní ẹkùn Borgou. Nàgó, Bàrùbá àti Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé kọ́múùnù náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun: iṣu, àgbàdo, sójà, kajú, màlúù. Ọmọ tí a bí sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ó tó jókòó fún BEPC, yóò sì tún lo ọdún mẹ́ta kí ó tó kan BAC. Ọdún méje nìyẹn, bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe.

Láàárín ọdún méje yìí, ohun púpọ̀ ni ó ń pe ọmọ kúrò nínú kíláàsì. Oko ń pè é. Ọjà ń pè é. Iṣẹ́ alágbàṣe ní Nàìjíríà ń pè é, nítorí pé kọ́múùnù náà bá ilẹ̀ Nàìjíríà pààlà. Ọmọbìnrin ní tirẹ̀ lè lóyún, tàbí kí wọ́n fà á fún ọkọ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí kankan. Ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò fún àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì mẹ́rin àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán kò dẹ́kun láti máa béèrè owó.

Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀nà ìwé ti gùn jù báyìí lọ rí. Yunifásítì Parakou kò sí ṣáájú ọdún 2001. Ọmọ ìhà àríwá tí ó bá gba BAC ní láti lọ sí Abomey-Calavi, ìrìn tí ó tó 400 kìlómítà láti Parakou. Yunifásítì ti Calavi fúnra rẹ̀ kò sì sí ṣáájú ọdún 1970. Ní ayé ìjọba Faransé, ilẹ̀ Senegal ni àwọn ọmọ díẹ̀ tí orí bá yọ ń lọ. Hubert Maga, tí a bí ní Parakou, tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1960, kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot ní Porto-Novo, ó sì kọjá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ William Ponty ní Senegal. Nígbà tí ó parí, ó padà sí ìhà àríwá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Natitingou. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò wá sọ̀rọ̀ wákàtí kan kí ó sì wọkọ̀ lọ. Ó jókòó ti àwọn ọmọ náà.

Àwọn ọmọ Tchaourou ní àpẹẹrẹ ńlá mìíràn nílé. Ìlú wọn ni a ti bí Thomas Boni Yayi, ẹni tí ó ṣe olórí báńkì BOAD ní Lomé, tí ó sì ṣe ààrẹ Benin láti ọdún 2006 dé 2016. Orúkọ rẹ̀ lè mú orí ọmọ wú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì BEPC kò lè fi ojú rẹ̀ tọ ọ̀nà náà láti orí bẹ́ǹṣì dé ààfin ààrẹ. Ọ̀nà náà jìn, kùrukùru sì bò ó. Ẹni tí ọmọ lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí olùkọ́ ìṣirò kan náà bá wí, tí gbogbo ọjà sì mọ ìyá rẹ̀.

Kí wá ni ó ń ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́rù? Ìtìjú ni. Ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́, iṣẹ́ kò sí. Ó ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé: kí ni mo fẹ́ wí fún wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé zémíjàn ni mo ń wà kí n tó jẹun? Àwa ará ìlú náà máa ń fi kún ìtìjú yìí. A fẹ́ kí ẹni tí ó ti ìlú ńlá dé gbé ọkọ̀ dé. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, a ó béèrè ohun tí ìwé ṣe fún un. Báyìí ni ẹni tí ó mọ ọ̀nà ṣe ń sá fún àwọn tí ń wá ọ̀nà.

Ọkùnrin Yorùbá kan wà tí òun náà padà báyìí sí ìlú tí ó ti kàwé, ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òsogùn. Ní ọdún 1821, ogun kó o lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú omi ní ọdún 1822, wọ́n kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Kò mọ lẹ́tà kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó tọrọ owó kékeré kan lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ kí ó fi ra ìwé ABD tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, tí ẹ sì rántí ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ yé yín, ẹ mọ bí inú ọmọ náà yóò ti dùn tó.

Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1827, orúkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọ ìwé níbẹ̀: Samuel Ajayi Crowther. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà. Ó lọ sí London láti tún kàwé, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Ọdún yìí kan náà ni ìwé tí ó kọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Kí ọdún náà tó parí, ó ti padà sí Freetown.

Àwọn Yorùbá púpọ̀ wà ní Freetown, ẹrú tí a dá sílẹ̀ bíi tirẹ̀. Ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè rí i pé London ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé, òun náà sì ni èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó dúró níwájú wọn nínú ilé ìjọsìn, ó sì fi Yorùbá wàásù fún wọn. Lóòótọ́, ilé ìjọsìn ni, kì í ṣe kíláàsì. Àwọn tí wọ́n sì jọ jẹ irú ìyà kan náà ni ó dúró níwájú wọn.

Kò rọrùn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Èdè ìyá rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti kọ ìwé lé e lórí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ náà, ó rí ara rẹ̀ bí ìkókó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ dà bí àlá lójú rẹ̀. Nígbà tí ó súre parí, gbogbo ilé hó lẹ́ẹ̀kan náà pé kí ó ṣẹ.

Ìmàle ni ẹ o, Kìrìsìtẹ́nì ni ẹ o, ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, kí ẹ sì fi wé ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Faransé ni èdè kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì burú kí ẹni tí ó padà wá fi Faransé bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pe àwọn òbí, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn yòókù bá pàtẹ́wọ́, ta ni ó bá wọn sọ̀rọ̀? Ìyá tí ó ta gàrí ra ìwé fún ọmọ kò gbọ́ ju orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn ni wọn yóò sì pinnu, lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ọmọbìnrin tí ó wà nílé yóò padà sí kíláàsì tàbí yóò lọ sílé ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún di Nàgó, tí ẹlòmíràn sì tún un sọ ní èdè Bàrùbá, wákàtí kan lè di méjì. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí yóò sọ ńkọ́? Kí ó sọ kíláàsì tí ó tún ṣe, àti ìdí rẹ̀. Kí ó sọ iye owó sẹ́fà tí ó ná ní ọdún àkọ́kọ́, àti ẹni tí ó yá a. Kí ó ṣàlàyé apresmonbac.bj, ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ó gba BAC fi ń yan ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ní yunifásítì ìjọba, nítorí pé máàkì ìdánwò wà lára ohun tí a fi ń mọ ẹni tí yóò gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Àwọn òbí mìíràn kò mọ̀ pé Yunifásítì Parakou ń kọ́ ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó rò pé ìwé ni yóò gba òun lọ́wọ́ oko lè fẹ́ gbọ́ pé ìwé lè dá òun padà sóko pẹ̀lú ọgbọ́n mìíràn.

Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́, kí ó jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ọmọ tí yóò fi Kika sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Ta ni yóò gbà á sílé ní alẹ́ àkọ́kọ́ ní Parakou? Èló ni yàrá kan lóṣù, ẹni mélòó ni ó sì lè pín in gbé? Ṣé wọ́n ń fi ọmọ tí Faransé rẹ̀ kò já gaara ṣe ẹlẹ́yà? Ẹni tí ó ti gbé ẹní àti àpò gàrí lọ sí Parakou lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìní iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Bí ó bá sì ṣì ní ìwé àtijọ́ nílé, èyí tí olùkọ́ fi yíǹkì pupa kọ 4 lórí 20 sí, kí ó mú un dání, kí ó nà án sókè, kí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí i.