Bí Ọ̀nà Èjìgbò Ṣe Dé Abidjan

Ẹni tó bá gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ sọ́jà ní Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó má yà á lẹ́nu. Owó sẹ́fà (CFA) kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ọkọ̀ ń gbéra láti ìlú náà lọ sí Abidjan ní Côte d'Ivoire, yóò sì la ẹnubodè mẹ́rin kọjá kó tó gúnlẹ̀.

Àwọn èèyàn a máa ní ìṣẹ́ ló lé àwọn ọmọ Èjìgbò lọ síbẹ̀. Ìṣẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́ kì í júwe ọ̀nà. Ìlú mélòó ni nǹkan ò rọrùn fún ju Èjìgbò lọ, tí ọmọ wọn kan ò dé Abidjan rí? Láyé òyìnbó amúnisìn ni àwọn oníṣòwò láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ti gba ọ̀nà Gold Coast, tó di Gánà, àti ọ̀nà Côte d'Ivoire lọ. Ẹni tó bá rí jájẹ á ránṣẹ́ pe àbúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Treichville ní Abidjan. Ó fẹ́ ẹni tí yóò bá a dúró ti ìsọ̀. Ilé ló máa ránṣẹ́ sí. Àwọn àgbà á yan ọmọ, òun á san owó ọkọ̀. Ọmọ á máa sùn nílé rẹ̀, á kọ́ Faransé lẹ́nu oníbàárà, á sì sìn ín fún ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira, wọ́n á kó ọjà àwìn fún un. Orúkọ ìdílé ló dúró fún un: bó bá kówó sá, bàbá rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú agboolé, ojú á sì tì í. Báǹkì wo ló máa yá ọ̀dọ́ lówó lórí irú onídùúró bẹ́ẹ̀?

Okùn ẹbí yìí wúlò lọ́jọ́ ìṣòro náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ọjà sílẹ̀ wálé. Ẹni tó ti kọ́lé sílùú rẹ̀ ríbi wọ̀. Ẹ̀gbọ́n àti ìbátan ló tún gbé ọ̀pọ̀ wọn dìde.

Síbẹ̀, okùn ẹbí yìí lè di ọmọ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá lè máa sún ọjọ́ òmìnira síwájú, ọmọ ò sì ní rí ẹni fẹjọ́ sùn, torí àǹtí rẹ̀ ló ń rẹ́ ẹ jẹ. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń parí ìjà lẹ́yìn odi lẹ́nu láti bi irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ léèrè. Kí wọ́n bi í.